Ta ló ń bi ìjọba léèrè nígbà tí ìlú bá wà ní pàjáwìrì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí a tó pàdé aṣòfin wa

Akọ̀wé Ọjà, Adó-Èkìtì:

Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé aṣòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí à ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní ọjà kan níhìn-ín. Aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn wa ti gbà láti wá bá wa ṣèpàdé, àwọn ìyá wa sì ní kí n kọ ìbéèrè wa sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ariwo nìkan la máa pa lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù fẹ́ béèrè omi àti ọ̀nà. Èmi fẹ́ béèrè nípa 2020, torí ọ̀rọ̀ ọdún yẹn kò tíì tán lára mi.

Ẹ ó rántí ìparí oṣù kẹta, nígbà tí ìjọba ní kónílé ó gbélé. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn, àrùn ń pa èèyàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi. Opó ni. Ó ti fi owó àjọ ra gàrí sílẹ̀ de ọjọ́ ọjà. Nígbà tí a ó fi padà dé ìsọ̀, ìsàlẹ̀ àwọn àpò náà ti bu, gàrí inú wọn ti dì pọ̀, kòkòrò sì ti wọ èlùbọ́ rẹ̀. Mo bá a kó gbogbo rẹ̀ jáde, a kù ú, a sá a sóòrùn. Èyí tó ṣeé tà kò tó ìdajì. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé oúnjẹ ìrànwọ́ ti jáde, wọ́n sì ti pín in tán. Ta ló kọ orúkọ àwọn tó gbà á? Èwo ni owó ìjọba nínú rẹ̀, èwo ni ẹ̀bùn? A béèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ ọ́fíìsì tí a ó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Bí pàjáwìrì bá dé, ṣé ilé aṣòfin lè ti ilẹ̀kùn ni, kí gómìnà tàbí Ààrẹ máa dá ṣe é lọ? Ṣé wọ́n lè fi fóònù jókòó? Báwo làwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ṣe é tí ẹni tó ń béèrè fi ṣẹ́ kù nílùú? Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú dà á rú.

Bàbá Ìjerò:

Ìyá wa akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Mo pẹ́ nídìí àkọsílẹ̀ ìjókòó àwọn aṣòfin kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ẹ béèrè yìí sì máa ń ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kan. Ní 2020, ẹnu gbogbo wa ló ń pè é ní pàjáwìrì, ṣùgbọ́n Ààrẹ kò kéde pàjáwìrì kankan lábẹ́ ìwé òfin nítorí kòrónà. Pàjáwìrì tòótọ́ wà ní abala 305 ìwé òfin 1999. Bí Ààrẹ bá kéde rẹ̀, ó di dandan kó gbé e lọ síwájú ilé méjèèjì ní Àbújá. Bí wọ́n bá wà lẹ́nu ìjókòó, ọjọ́ 2 ni wọ́n ní láti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá wà nísinmi, ọjọ́ 10. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ gbà, àti ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Bí iye yẹn kò bá pé, ìkéde náà ti kú nìyẹn. Bó bá pé, oṣù 6 ló máa lò, lẹ́yìn náà kí Ààrẹ tún padà wá tọrọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ní 2020 kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ìlànà tó ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Òfin tó gùn lé ni Quarantine Act, òfin àkókò àwọn amúnisìn, ti 1926. Òfin yẹn fún un láyè láti ṣe ìlànà láì gba ìbò aṣòfin kan ṣoṣo. Àwọn gómìnà náà ṣe tiwọn ní ìpínlẹ̀ wọn. Ìyá wa, ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Agbára tí wọ́n bá fi orúkọ pàjáwìrì pè, ìwé òfin ti fi ìjánu sí i lẹ́nu. Èyí tí wọ́n bá pè ní ọ̀rọ̀ ìlera, kò ní ìjánu, bẹ́ẹ̀ ọjà yín kan náà ni àwọn méjèèjì ń tì.

Gúúsù Áfíríkà kó sí irú ẹ̀. Bí wọ́n bá kéde pàjáwìrì níbẹ̀, ìwé òfin wọn ní ọjọ́ 21 péré ló máa lò àyàfi bí ilé aṣòfin bá fà á gùn. Nítorí kòrónà, òfin ìjàǹbá ti 2002 ni wọ́n lò dípò rẹ̀. Mínísítà ni òfin yẹn fún láṣẹ láti máa fà á gùn lóṣooṣù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2020, oṣù kẹrin 2022 ló tó parí. Ilé wọn jókòó lórí ẹ̀rọ, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bi mínísítà ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ wá tọrọ ìbò wọn kí ọ̀rọ̀ náà tó tẹ̀ síwájú.

Ní ti pé kí ilé ti ilẹ̀kùn: abala 104 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún, kò sì yọ ọdún àjàkálẹ̀ àrùn sílẹ̀. Abala 96 ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé bá ti pé, ìjókòó lè wáyé. Ọmọ ilé 26 ni Èkìtì ní, ìyẹn ni pé ẹni 9 ti tó. Gbọ̀ngàn tó gba 26, ṣé kò ní gba ẹni 9 kí wọ́n sì jìnnà síra wọn? Nítorí náà, ìpínlẹ̀ wa kò nílò Zoom kó tó lè jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù iye kékeré yẹn ń bà mí. Bí ẹni 9 bá jókòó, ìbò ẹni 5 ti tó láti sọ àbá di òfin nínú ilé. Ìpínlẹ̀ wa sì ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àrùn kankan: ní oṣù kọkànlá 2014, ọmọ ilé 7 nínú 26 ló jókòó ní Adó tí wọ́n ní àwọn ti yọ Abẹnugan. Bí ìlú bá wà nínú ìbẹ̀rù, tí àwọn oníròyìn kò lè wọlé, tí àwa ará ìlú wà lábẹ́ kónílé ó gbélé, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ á tún rọrùn sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bí ilé bá máa dín iye tó ń jókòó kù nígbà pàjáwìrì, ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ inú ilé ti jọ fọwọ́ sí iye tí olúkúlùkù máa mú wá. Norway ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020: nínú ọmọ ilé 169, wọ́n jọ fẹnu kò pé 87 ni yóò máa wọlé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìyìn, London:

Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ìyá wa, ẹ kú ìdúró ti àwọn èèyàn yín.

Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Tí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, tí oorun kò sì wá, ilé aṣòfin wọn ni mo máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, torí ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ló ń di ìlànà tí à ń bá ní wọ́ọ̀dù.

Wọ́n yára o. Òfin kòrónà wọn wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta 2020, ó di òfin ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé àwọn aṣojú, tí wọ́n ń pè ní Commons, fi parí gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ìwé tó nípọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní oṣù kẹrin, ẹni 50 ni wọ́n gbà láyè nínú gbọ̀ngàn, 120 sì lè dara pọ̀ lórí Zoom, nínú ọmọ ilé 650. Ẹ ó rí aṣòfin lójú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, pẹ̀lú ìwé lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bi olórí ìjọba ní ìbéèrè láti ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún wọ́n fi ẹ̀rọ dìbò láti ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi ní ó tó, kí gbogbo ọmọ ilé padà wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, wọ́n tò sórí ìlà gígùn tó yí gbogbo ọgbà ká kí wọ́n tó lè dìbò. Àwọn aṣòfin tí àìsàn ń ṣe, tí dókítà ní kí wọ́n má jáde, ìbò wọn kò kà lọ́jọ́ náà. Èyí dùn mí gan-an, torí irú àwọn èèyàn yẹn gan-an ni à ń tọ́jú. Ó yẹ kí ohùn wọn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ariwo ni wọ́n tó gbà kí ẹlòmíràn máa bá wọn dìbò.

Ohun tó wù mí nínú òfin wọn ni pé wọ́n kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọdún 2 ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní lóṣù 6-oṣù 6, kí Commons dìbò bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa òfin ìlera ṣẹlẹ̀ síbí náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà tó ti ilé ìtajà, tó ní ká má lọ kí ìyá wa, kò tilẹ̀ ti inú òfin kòrónà yẹn wá. Òfin ìlera ti 1984 ni wọ́n gùn lé. Ó jẹ́ kí mínísítà fọwọ́ sí i lónìí bó bá ní ọ̀rọ̀ náà kánjú, kí ilé tó wá dìbò lé e lórí láàárín ọjọ́ 28. Ìlànà tó ní ká lo ìbòmú nínú ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ 23 oṣù keje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́ 24 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, Abẹnugan Lindsay Hoyle dìde, ó bá ìjọba wí lójú gbogbo ilé pé wọn ò ka ilé sí. Ọjọ́ náà gan-an ni mínísítà ìlera ṣèlérí pé àwọn á máa gba ìbò ilé kí ìlànà ńlá tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀, bí àyè bá wà.

Ọmọ Ọ̀tùn:

Ẹ̀gbọ́n wa ní London, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ó dá lórí pé ilé aṣòfin wà níbẹ̀. Èkìtì la wà yìí o. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní 2006 nígbà tí wọ́n yọ gómìnà ní oṣù kẹwàá, tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì kéde pàjáwìrì láàárín ọ̀sẹ̀ náà, tó fi ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Túnjí Olúrìn, ṣe alákòóso. Ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ọkùnrin náà wà lórí oyè títí di oṣù kẹrin 2007. Ta ló ń bi í léèrè? Nígbà tí àwọn tó yẹ kó béèrè gan-an bá ti kúrò nílé, kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ àti ìjókòó ṣe?

Mi ò gbèjà àwọn aṣòfin ìgbà yẹn, wọ́n ní ọ̀ràn tiwọn. Àwa ará ìlú ni mò ń sọ.

Bàbá Ìjerò:

Ọmọ Ọ̀tùn, èmi kò lè bínú sí ọ. Ìbéèrè rẹ ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ó tún jìnnà ju 2006 lọ. Èkìtì wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962, tí wọ́n fi àga lu ara wọn, tí ọlọ́pàá fi tajútajú lé wọn jáde. Ọjọ́ 29 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì. Dókítà Moses Majẹ́kódùnmí ló ṣàkóso gbogbo wa títí ọdún náà fi parí, ilé aṣòfin wà ní títì. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti lo pàjáwìrì lórí ilẹ̀ Èkìtì tí ó jẹ́ pé ilé ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ tì. Kò sí ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà tó mọ̀ ọ́n tó bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n abala 305 kò sọ níbikíbi pé kí wọ́n ti ilé aṣòfin. Ní oṣù karùn-ún 2013, Ààrẹ Jonathan kéde pàjáwìrì ní Bọ̀nọ́, Yobè àti Adamawa nítorí Boko Haram. Àwọn gómìnà wà níbẹ̀, àwọn ilé aṣòfin wà níbẹ̀. Lóṣù 6-oṣù 6 ló ń padà lọ sí Àbújá. Wọ́n fà á gùn, wọ́n tún fà á gùn. Nígbà tó tún tọrọ ní oṣù kọkànlá 2014, kò rí ìfọwọ́sí gbà mọ́, pàjáwìrì náà sì parí. Abala kan náà, ìwé òfin kan náà, ogun gidi sì ni ti ibẹ̀.

Ní Rivers ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2025, wọ́n tún padà sí ti 2006: gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti ilé aṣòfin, wọ́n dá gbogbo wọn dúró fún oṣù 6. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò ohùn, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ẹni 240 nínú 360 ló gbọ́dọ̀ gbà nílé aṣojú-ṣòfin, ẹni 73 nínú 109 nílé àgbà. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ mi kọ àkọsílẹ̀ ìjókòó mọ̀ pé etí kò lè ka 240. Ó yẹ kí wọ́n pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀ lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí láé. Ohun kan tí wọ́n ṣe tó dára ni pé wọ́n ní kí alákòóso náà máa jíyìn fún ilé ní Àbújá, aṣojú-ṣòfin sì yan ìgbìmọ̀ kan láti máa wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ nìyẹn, ọmọ mi: abala 11 ní bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kò bá lè ṣiṣẹ́, Àbújá ló máa ṣòfin fún un. Bí ilé tó wà ní Adó bá tì, àwọn aṣojú Èkìtì ní Àbújá ló kù tí a ó máa bi.

Ọ̀kan tó kù tí mo fẹ́ràn jù ni ti New Zealand. Nígbà tí wọ́n ti ìlú pa ní oṣù kẹta 2020, ilé kò lè jókòó bí ó ṣe máa ń jókòó, wọ́n bá yan ìgbìmọ̀ ẹni 11 fún ọ̀rọ̀ àrùn náà. Olórí ẹgbẹ́ alátakò, Simon Bridges, ni alága. Àwọn alátakò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lórí Zoom ni wọ́n ń jókòó, gbogbo ìlú ń wò ó bó ṣe ń lọ, wọ́n ń pe mínísítà, wọ́n ń pe ọ̀gá ìlera, wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò kéékèèké náà. Ìjọba tó ní agbára púpọ̀ jù lọ́wọ́ fi àga ìbéèrè lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tú u ká, lẹ́yìn tí ilé ti padà. Bí mo bá ń ronú nípa Àbújá lásìkò kan náà, inú mi kì í dùn: ilé méjèèjì lọ sínmi ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, wọn ò padà títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà yẹn, wọ́n gbé àbá òfin àrùn àkóràn wọ ilé aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí àwọn ọmọ ilé kan ń sọ pé àwọn kò tíì rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà. Ariwo ará ìlú ló mú kí wọ́n tó pe ìjókòó ìta gbangba lé e lórí.

Akọ̀wé Ọjà, Adó-Èkìtì:

Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀gbọ́n London, Ọmọ Ọ̀tùn, ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá wa nísàlẹ̀ ìsọ̀ lánàá. Nígbà tí mo dé ibi alátakò tó jẹ́ alága, wọ́n ní kí n tún un kà.

Mo ti kọ ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ máa ṣe kí irú 2020 má baà tún ṣẹlẹ̀?" Ṣé ó dáa?

Bàbá Ìjerò:

Kò burú, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Ẹni tó bá mọ̀rọ̀ sọ á dáhùn rẹ̀ fún wákàtí kan láì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" bá mu, kí ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Èkíní: ṣé wọ́n lè gbé àbá wá pé ìlànà ìlera tó bá ti ọjà pa, kó wá síwájú ilé ní Adó láàárín iye ọjọ́ kan, kí ìbò sì jẹ́ pípe orúkọ? Òfin kòrónà tí Norway ṣe ní 2020 jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé lè fagi lé ìlànà tí ìjọba bá ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ.

Èkejì ni ti oúnjẹ ìrànwọ́, ẹ má jẹ́ kó sá fún yín níbẹ̀. Abala 128 fún ilé láṣẹ láti ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ná owó ìpínlẹ̀, abala 129 sì fún wọn láṣẹ láti pe ẹnikẹ́ni wá sọ tẹnu rẹ̀. Abala 125 ní ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ wá sí ilé láàárín ọjọ́ 90 tí ìwé ìṣirò ọdún bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú sì gbé e yẹ̀ wò. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ náà ti jókòó lórí ìròyìn ti 2020, àti ibi tí a ti lè rí ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ilé-iṣẹ́ tàbí olówó kan bá fi ta ìjọba lọ́rẹ kì í gba inú àpò ìṣúra kọjá, ó sì rọrùn kó má hàn nínú ìṣirò owó rárá. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ pé: ìwé wo ni wọ́n kọ ẹ̀bùn sí, ta ló fọwọ́ sí i nígbà tó wọlé, ta ló fọwọ́ sí i nígbà tó jáde?

Ẹ mú opó yẹn dání bó bá gbà, kí ó sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé Ọjà, Adó-Èkìtì:

Ó ti gbà. Ó ní òun á mú ìwé àjọ dání. Ṣé kí n kọ lẹ́tà náà ní Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Bàbá Ìjerò:

Ẹ kọ ọ́ ní méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé, kó má jẹ́ ọwọ́ aṣòfin nìkan ló wà. Kí ẹ sì mú ẹ̀dà mìíràn dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹ má kúrò nídìí kántà láì gba òǹtẹ̀ yẹn.